Ẹgbẹ́ Kì í Ṣe Ègbé: Ọ̀rọ̀ lórí Kíkọ Èdè Wa lójú Ẹ̀rọ Kọ̀ǹpútà

Ọ̀rọ̀ tí a sọ ní ìpàdé oṣooṣù ẹgbẹ́ wa ní Àgbádárìgì

A tọrọ àyè lọ́wọ́ àwọn àgbà kí a tó lanu, nítorí pé ọ̀rọ̀ ẹ̀rọ ni a gbé wá lónìí, ọ̀pọ̀ nínú yín ni ó sì ti wí fún wa rí pé ti àwọn ọmọdé ni ọ̀rọ̀ ẹ̀rọ. Ì bá ṣe pé ti àwọn ọmọdé nìkan ni, a kì bá tí yọ yín lẹ́nu pẹ̀lú rẹ̀.

Ohun tí ó fà á nì yí. Nígbà tí a ń múra ìpàdé ọdún tí ó kọjá, a kọ ìwé ìpè, a fi àmì sí gbogbo ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ bí ó ti tọ́, a sì gbé e fún ilé ìtẹ̀wé kan tí a kò ní dárúkọ. Nígbà tí ìwé náà padà dé, àwa tìkára wa kò dá ohun tí a kọ mọ̀ mọ́. Níbi tí ó yẹ kí Ẹ gbé wà, àpótí òfìfo kékeré onígun mẹ́rin ni a rí. Àmì ohùn tí ó yẹ kí ó jókòó lórí lẹ́tà sá bọ́ sí ẹ̀gbẹ́ kan, bí ẹyẹ tí ẹ̀ka ṣẹ́ mọ́ lẹ́sẹ̀. Ọ̀kan nínú àwọn ìjòyè etí ọ̀sà, tí oyè rẹ̀ ń jẹ́ Ọ̀tún, rí àpótí òfìfo níbi tí ó yẹ kí lẹ́tà àkọ́kọ́ oyè rẹ̀ wà. Ó dá ìwé náà padà, ó ní òun kò mọ ẹni tí a ń pè. Ẹ̀bẹ̀ ni a fi tù ú.

Ilé ìtẹ̀wé náà tún ìwé náà tẹ̀, ṣùgbọ́n lọ́tẹ̀ yìí wọ́n yọ gbogbo àmì kúrò pátápátá, wọ́n ní ó ti mọ́ wàyí. Lóòótọ́ ó mọ́. "Egbe" ni wọ́n kọ gàdàgbà sí òkè ìwé. Ta ni yóò mọ̀ bóyá ẹgbẹ́ ni a jẹ́, tàbí ẹ̀gbẹ́ ara ènìyàn, tàbí ègbé tí a máa ń gbàdúrà pé kí Ọlọ́run mú jìnnà sí wa? Nísàlẹ̀, níbi tí a ti wí pé a ó bá ìjọ ṣe ìsìn ní àárọ̀ ọjọ́ náà, "ijo" ni ó wà níbẹ̀, àwọn ọ̀dọ́ kan sì múra ijó wá. A rẹ́rìn-ín sí i lọ́jọ́ náà, ṣùgbọ́n ẹ̀rín náà kò dé ikùn.

Ní ọ̀sẹ̀ kan náà ni ọmọ ilé wa kan, tí ó ń ṣe akọ̀wé lọ́dọ̀ àwọn ará Ṣáínà, gbé ẹ̀rọ rẹ̀ wálé. Ẹ̀yin tí ẹ ń gba ọ̀nà Èkó mọ̀ pé àwọn ará Ṣáínà kì í ṣe àlejò lójú ọ̀nà yìí mọ́: ilé-iṣẹ́ CCECC ti orílẹ̀-èdè wọn ni ó ṣe ojú irin tí ó bẹ̀rẹ̀ sí í kó èrò láti Marina dé Mile 2 ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2023. Gbogbo àṣẹ inú ẹ̀rọ ọmọ náà ni a fi èdè Òyìnbó kọ, bí ti gbogbo ẹ̀rọ tí a ń rà ní Èkó. Síbẹ̀, nígbà tí ó ṣí lẹ́tà kan láti Beijing, ọ̀rọ̀ Ṣáínà tò geere sílẹ̀, ìlà tẹ̀lé ìlà, kò sí àpótí òfìfo kan láàárín wọn. A ní kí ó ṣí ìwé ìpè tiwa, bí ilé ìtẹ̀wé ti tò ó, lójú ẹ̀rọ kan náà. Gbogbo àmì wa tún fọ́n ká. Ó dùn wá gidigidi. Èdè tí ó ní àmì-ọ̀rọ̀ ọ̀kẹ́ àìmọye ń rìn fàlàlà nínú ilé Òyìnbó, èdè tiwa tí ó jẹ́ lẹ́tà 25 péré pẹ̀lú àmì díẹ̀ ń kọsẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà. Láti ọjọ́ náà ni a ti ń wádìí, ohun tí a sì rí ni a fẹ́ rò fún yín.

Ó yẹ kí ìtìjú náà pọ̀ fún àwa ará etíkun yìí ju fún ẹlòmíràn lọ. Ní ọjọ́ 24 oṣù kẹsàn-án ọdún 1842 ni Thomas Birch Freeman gúnlẹ̀ sí Àgbádárìgì níhìn-ín. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1845 ni Samuel Àjàyí Crowther, ọmọ Òṣogùn tí a kó lẹ́rú rí, dé pẹ̀lú Townsend àti Gollmer, ó sì bá wa gbé títí di ọdún 1846 kí ọ̀nà Abẹ́òkúta tó là fún wọn. Ìwé àkójọ ọ̀rọ̀ Yorùbá tí ó kọ ti jáde láti ọdún 1843. Ìwé gírámà rẹ̀ pẹ̀lú àkójọ ọ̀rọ̀ tí ó gbòòrò sí i tẹ̀lé e ní 1852. Bí a ó ti kọ ohùn tí èdè Òyìnbó kò ní lẹ́tà fún jẹ́ àríyànjiyàn láti ìbẹ̀rẹ̀. Lepsius, ọ̀mọ̀wé ará Jámánì, tẹ ìwé tirẹ̀ jáde ní 1855 lórí bí a ṣe lè fi lẹ́tà kan náà kọ èdè gbogbo ayé. Ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 1875, àwọn míṣọ́nnárì àti àwọn ọmọ ilẹ̀ wa péjọ ní Èkó lábẹ́ Crowther láti fi ẹnu ọ̀rọ̀ náà jóná. Nítorínáà, kò sí àmì kan lábẹ́ ẹ, ọ tàbí ṣ tí ó ṣèèṣì bọ́ síbẹ̀. Àwọn àgbà jókòó tì í ni.

Ẹ rántí pẹ̀lú pé ní ayé ìgbà náà, òjé ni a fi ń dá lẹ́tà. Nígbà tí Townsend bẹ̀rẹ̀ Ìwé Ìròhìn ní Abẹ́òkúta ní 1859, bí atẹ̀wé kò bá ní òjé ẹ nínú àpótí rẹ̀, kò lè díbọ́n pé òun ní i. Yóò ránṣẹ́ lọ rà á ni. Atẹ̀wé òde òní ní gbogbo rẹ̀ nínú ẹ̀rọ rẹ̀ láìsan kọ́bọ̀, ó sì ń wí fún wa pé kò sí.

Kí ni ó wá ń ṣẹlẹ̀ nínú ẹ̀rọ? Ẹ jẹ́ kí a sọ ọ́ bí a ti lè sọ ọ́. Kọ̀ǹpútà kò mọ lẹ́tà kankan. Nọ́ńbà nìkan ni ó mọ̀. A gbọ́dọ̀ ti fohùn ṣọ̀kan ṣáájú pé nọ́ńbà báyìí dúró fún lẹ́tà báyìí. Ní Amẹ́ríkà ní ọdún 1963 ni wọ́n gbé ìwé àdéhùn kan kalẹ̀ tí à ń pè ní ASCII. Àyè 128 ni ó wà nínú rẹ̀, 95 péré nínú wọn ni ó sì jẹ́ àmì tí ojú lè rí. Ó tó fún Òyìnbó láti kọ lẹ́tà sí aya rẹ̀. Kò tó fún ará Faransé pàápàá, áḿbọ̀sì àwa tàbí ará Ṣáínà.

Ọ̀rọ̀ àwọn ará Ṣáínà ni ó yẹ kí a dúró lé lórí díẹ̀, nítorí ẹ̀kọ́ wà níbẹ̀ fún wa. Ní ìdajì àkọ́kọ́ ọ̀rúndún ogún, àwọn ọ̀mọ̀wé ńlá wà láàárín wọn tí wọ́n ń wí pé ìkọ̀wé àwọn baba wọn ni ó ń fa orílẹ̀-èdè sẹ́yìn, pé kí wọ́n dà á nù, kí wọ́n máa fi lẹ́tà Òyìnbó kọ èdè wọn. Bí ẹ bá ti gbọ́ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ rí ní Èkó, ẹ kò ṣì í gbọ́. Ní 1958, ìjọba wọn tẹ́wọ́ gba ètò tí à ń pè ní pinyin, èyí tí ó fi lẹ́tà Òyìnbó kọ ohùn èdè náà. Ṣùgbọ́n wọ́n fi ṣe ìránṣẹ́ fún ìkọ̀wé àtijọ́, wọn kò fi rọ́pò rẹ̀.

Nígbà tí kọ̀ǹpútà dé, wọn kò dúró de Òyìnbó. Láti nǹkan bí 1975, Wang Xuan ní Yunifásítì Peking bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lórí bí ẹ̀rọ yóò ti máa fi iná lésà tẹ àmì-ọ̀rọ̀ Ṣáínà, iṣẹ́ náà ni ó sì mú kí àwọn ilé ìwé ìròyìn wọn fi òjé sílẹ̀. Ní 1980, ìjọba wọn gbé tábìlì nọ́ńbà kan jáde tí ó gba àmì-ọ̀rọ̀ 6,763. Ní 1983, Wang Yongmin ṣe ètò kan tí a fi ń to àmì-ọ̀rọ̀ láti ara ẹ̀yà rẹ̀ lórí pátákó bọ́tìnnì Òyìnbó lásán. Ní 1984, àwọn ará Taiwan gbé tábìlì tiwọn kalẹ̀, ó sì ju 13,000 lọ. Níbi yìí ni wàhálà ti wọlé, nítorí pé tábìlì méjèèjì kò bára wọn mu. Lẹ́tà tí a kọ ní Taipei, bí a bá ṣí i ní Beijing, di wúruwùru. Wọ́n ní orúkọ fún un, wọ́n ń pè é ní luànmǎ, èyí tí ó túmọ̀ sí nọ́ńbà tí ó dàrú.

Ní 1991 ni àwọn ilé-iṣẹ́ kọ̀ǹpútà parapọ̀ gbé tábìlì kan ṣoṣo jáde fún èdè gbogbo ayé, orúkọ rẹ̀ ni Unicode. Ní 1992, àmì-ọ̀rọ̀ 20,902 tí àwọn ará Ṣáínà, Japan àti Korea jọ ń lò wọ inú rẹ̀. Lónìí wọ́n ti ju 90,000 lọ. Kí ẹ má sì rò pé níbẹ̀ ni ìyọnu wọn parí. Lójú Windows XP tí ó jáde ní 2001, ará Ṣáínà tí ó ra ẹ̀rọ elédè Òyìnbó ní Lọ́ńdọ̀nù tàbí ní Èkó lè ṣí lẹ́tà ìyá rẹ̀ kí ó sì rí àpótí òfìfo bí tiwa gan-an. Ó ní láti lọ sí ibi ìṣètò èdè inú ẹ̀rọ náà, kí ó fọwọ́ sí i pé òun fẹ́ àwọn èdè ìlà oòrùn Éṣíà, kí ó wá fi àwo CD tí ó bá ẹ̀rọ wá sínú rẹ̀. Àwọn oníṣẹ́ ẹ̀rọ sọ àpótí òfìfo wọ̀nyí ní tofu, nítorí ó jọ oúnjẹ ẹ̀wà sóyà tí àwọn obìnrin wa ń tà ní ọjà bí wàrà. Ní 2000, ìjọba Ṣáínà gbé tábìlì mìíràn tí ó tóbi jù bẹ́ẹ̀ lọ jáde, wọ́n sì pàṣẹ pé ètò kọ̀ǹpútà tí a bá fẹ́ tà ní ilẹ̀ wọn gbọ́dọ̀ lè lò ó. Ọjà wọn tóbi, òǹtajà kò sì lè ṣàì gbọ́. Àwa kò ní irú ọjà bẹ́ẹ̀, a kò sì ní tan ara wa jẹ. Ṣùgbọ́n ohun tí a ní láti béèrè kò tó ìdá kan nínú ẹgbẹ̀rún ohun tí wọ́n béèrè.

Àní, èyí tí ó pọ̀ jùlọ nínú rẹ̀ ni a ti rí gbà láìmọ̀. Láti ọdún 1993 ni ẹ, ọ àti ṣ ti ní nọ́ńbà tiwọn nínú Unicode. Ẹ fetí sí bí ó ti rí bẹ́ẹ̀: àwọn ará Vietnam ń lo ẹ àti ọ nínú ìkọ̀wé wọn, àmọ́ àmì ohùn ni àmì ìsàlẹ̀ náà jẹ́ lọ́dọ̀ tiwọn. Ilẹ̀kùn aládùúgbò ni a gbà wọlé, ká sọ òtítọ́. Ohun tí a kò ní ni nọ́ńbà kan ṣoṣo fún ẹ́ tàbí ọ̀ lódidi. Àwọn tí ó ń ṣàkóso tábìlì náà ti dẹ́kun fífi nọ́ńbà fún lẹ́tà tí a lè fi ẹ̀yà tó pọ̀. Nítorínáà, a ní láti kọ ẹ, kí a tó gbé àmì lé e lórí. Àwọn kan nínú wa bínú sí èyí. Lójú tiwa, kò tó ohun tí à ń torí rẹ̀ jà, nítorí bí fọ́ǹtì, èyíinì ni àkójọ àwòrán lẹ́tà tí ẹ̀rọ fi ń kọ̀wé, bá jẹ́ èyí tí a ṣe dáradára, yóò gbé àmì náà jókòó síbi tí ó yẹ.

Níbẹ̀ gan-an ni ẹ̀ṣẹ̀ ilé ìtẹ̀wé wa wà. Fọ́ǹtì ẹlẹ́wà kan ni wọ́n yàn, tí ó ní ìrù gígùn lára lẹ́tà, ẹni tí ó ṣe é kò sì ronú kan ẹ rárá. Nígbà tí a ní kí ọmọ ilé wa yí fọ́ǹtì náà sí Noto, èyí tí Google ń fi fún gbogbo ayé lọ́fẹ̀ẹ́, tàbí sí Charis tí àjọ SIL ṣe, gbogbo àpótí òfìfo parẹ́ lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, àmì sì padà sórí lẹ́tà rẹ̀. Kò tó ìṣẹ́jú kan. Ìjòyè kan ti bínú, a ti tẹ ìwé lẹ́ẹ̀mejì, a ti náwó, nítorí ohun tí kò gbà ju ìṣẹ́jú kan lọ!

Ṣùgbọ́n ohun mìíràn wà tí ó wúwo ju ìwé ìpè lọ. Kí irú fọ́ǹtì báyìí tó wọ́pọ̀, àwọn ọlọ́gbọ́n kan láàárín wa máa ń ṣe fọ́ǹtì àdáṣe: wọn a mú àmì tí a kì í sábà lò, wọn a pa àwòrán rẹ̀ rẹ́, wọn a ya ẹ tàbí ọ sí ipò rẹ̀. Lójú ẹ̀rọ tí ó ní fọ́ǹtì náà, Yorùbá tí ó dára ni. Lójú ẹ̀rọ mìíràn, luànmǎ ni. Irú fọ́ǹtì bẹ́ẹ̀ ni a fi kọ ìtàn tí àwọn àgbà kan sọ fún wa nípa ìdílé wọn àti ilẹ̀ wọn lẹ́bàá ọ̀sà. Àwọn àgbà náà ti lọ. Ẹ̀rọ tí a fi kọ ọ́ ti bàjẹ́, ẹni tí ó ṣe fọ́ǹtì náà kò sì sí mọ́. Nígbà tí a ṣí fáìlì náà ní ọdún yìí, gbogbo ẹ ti di àmì owó, gbogbo ṣ ti di àmì ìbéèrè. A fi ọ̀sẹ̀ mẹ́rin jókòó tì í. Àmì owó rọrùn láti yí padà, nítorí kò sí owó nínú ìtàn náà. Àmì ìbéèrè ni ó ni wá lára, nítorí a kò lè mọ èyí tí ó jẹ́ ṣ àti èyí tí bàbá náà fi béèrè ọ̀rọ̀ nítòótọ́, àfi kí a kà á lọ́kọ̀ọ̀kan. Orúkọ ènìyàn méjì wà níbẹ̀ tí a kò tíì lè sọ bí a ti ń pè é.

Wàhálà kan tún wà tí ojú kò rí. A lè kọ ọ̀ ní ọ̀nà mẹ́ta: kí a kọ ọ kí a gbé àmì ohùn lé e, kí a kọ ò kí a fi àmì sí ìsàlẹ̀ rẹ̀, tàbí kí a kọ o lásán kí a fi àmì méjèèjì sí i lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Lójú ènìyàn, ọ̀kan náà ni. Lójú ẹ̀rọ tí kò gbọ́n, mẹ́ta ni. Ìdí nì yí tí ẹ fi lè wá Ọ̀ṣun nínú àkọsílẹ̀ tí ẹ mọ̀ dájú pé ó wà níbẹ̀, kí ẹ̀rọ sì wí pé kò sí. Unicode ti ní ìlànà tí ó ń sọ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta di ọ̀kan. Kí ẹni tí ó ń tọ́jú àkọsílẹ̀ wa lò ó ni ó kù. Àwọn ará wa Ògù, tí wọ́n ń fi ẹ àti ọ bí tiwa kọ èdè wọn níhìn-ín, ní ìṣòro tí ó ju èyí lọ: bí wọ́n bá kọjá Sẹ̀mẹ̀ dé Àjàṣẹ́, ɛ àti ɔ ni ìjọba ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀ fi ń kọ ọ̀rọ̀ kan náà láti 1975. Èyíinì kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀ ẹ̀rọ. Ọ̀rọ̀ ààlà ni, ó sì yẹ fún ìpàdé mìíràn.

A mọ ohun tí àwọn kan yóò wí: pé kí a yọ àmì kúrò, ẹni tí ó gbọ́ Yorùbá yóò mọ ohun tí a ń wí. A kò ní ṣe bí ẹni pé kò sí òtítọ́ kankan níbẹ̀. Àwọn baba wa tí ó kọ ìwé ìròyìn àtijọ́ kì í fi àmì ohùn sí gbogbo ọ̀rọ̀. Ní ìsàlẹ̀ ojú ìwé ìrìnnà òkè òkun, níbi ìlà tí ẹ̀rọ ń kà, lẹ́tà A sí Z nìkan ni gbogbo ayé fohùn ṣọ̀kan lé lórí, ará Ṣáínà náà sì fara mọ́ ọn níbẹ̀. Èrò tiwa ni pé àmì ìsàlẹ̀ kò ṣeé yọ rárá, nítorí lẹ́tà ọ̀tọ̀ ni ẹ jẹ́, kì í ṣe e tí ó wọ bàtà. Ní ti àmì ohùn, ẹni tí ó ń kọ̀wé sí ọ̀rẹ́ lórí fóònù lè fojú fò ó. Ẹni tí ó ń kọ orúkọ ènìyàn, oyè, ilẹ̀, tàbí ìtàn kò ní ẹ̀tọ́ láti fò ó.

Àwáwí pé ó ṣòro láti tẹ̀ kò sì fẹsẹ̀ múlẹ̀ mọ́. Ó ti pẹ́ tí pátákó bọ́tìnnì Yorùbá ti wà nínú Windows fún ẹni tí ó bá yàn án. Ọ̀mọ̀wé Túndé Adégbọlá àti àjọ rẹ̀ ALT-I ní Ìbàdàn ti ṣe iṣẹ́ takuntakun lórí èyí. Kọ́lá Túbọ̀sún àti àwọn tí wọ́n jọ ṣe ìwé orúkọ Yorùbá lórí íntánẹ́ẹ̀tì sì gbé pátákó tiwọn jáde lọ́fẹ̀ẹ́. Àmọ́ ohun tí ó wù wá jù ni a rí lọ́dọ̀ ọmọ ilé wa nígbà tí ó ń kọ èsì sí Beijing. Èdè olóhùn ni èdè Ṣáínà bí tiwa. "Ma" lè jẹ́ ìyá, ó lè jẹ́ ẹṣin, ohùn ni ó ń yà wọ́n. Ó tẹ "ma" lásán, ẹ̀rọ sì to gbogbo àmì-ọ̀rọ̀ tí ó lè jẹ́ síwájú rẹ̀, ó yan èyí tí ó fẹ́, ó ń bá tirẹ̀ lọ. Kí ni kò jẹ́ kí a tẹ "egbe," kí ẹ̀rọ bi wá pé ẹgbẹ́ ni, tàbí ẹ̀gbẹ́, tàbí ègbé? Àwọn ọ̀dọ́ tí ó kọ́ iṣẹ́ ẹ̀rọ wà nínú ìjókòó yìí, a mọ̀ wọ́n, ojú wọn ni a sì ń wò bí a ti ń sọ ọ́.

Ní tiwa, a ti gba akọ̀wé ẹgbẹ́ níyànjú pé láti oṣù yìí lọ, kí ó fi fọ́ǹtì kan náà kọ gbogbo ìwé wa, kí ó pa á mọ́ gẹ́gẹ́ bí UTF-8, kí ó sì di fọ́ǹtì mọ́ inú PDF kí ó tó fi ránṣẹ́ sí ilé ìtẹ̀wé èyíkéyìí, kí wọ́n má bàa rí àyè pààrọ̀ rẹ̀. Àwọn ìdílé tí ó bá ní fáìlì àtijọ́ tí ó ti di wúruwùru, kí wọ́n mú un wá. A kò ṣèlérí pé gbogbo rẹ̀ ni yóò ṣeé kà, ṣùgbọ́n a ti kọ́ ọgbọ́n díẹ̀ lára ti àkọ́kọ́.

Ìwé ìpè ti ọdún yìí ti padà dé láti ọ̀dọ̀ atẹ̀wé ní àárọ̀ àná. Oyè Ọ̀tún pé pérépéré. Àmì ìsàlẹ̀ Ẹ nínú àkọlé òkè ni ó fara kan ìlà tí wọ́n fà sábẹ́ rẹ̀, ó sì fẹ́ jọ pé kò sí níbẹ̀. A ti dá a padà fún wọn.